Táyà Tí Kò Gun Òkè Colla

Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Àwọn àgbà tó pa òwe yìí kò sọ pé ọ̀tá ni ẹni náà. Ó lè jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn wa jù lọ láyé, tó sáré wá nígbà tí eruku kó sí wa lójú, tí kò rántí ohun tó ń jẹ lẹ́nu. Kí Olúwa má ṣe fi irú afẹ́nilójú bẹ́ẹ̀ pàdé ọmọ rere. Nives, ọmọ Learco tó ń gbin píìṣì ní àfonífojì Brisighella, pàdé tirẹ̀, ó pè é ní àfẹ́sọ́nà, ojú náà kò sì tíì gbẹ títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Ilé ìtajà alùpùpù kan ní ìlú Faenza ni wọ́n ti kọ́kọ́ pàdé. Nives ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ìwakọ̀ ni, kò tíì ní ohun tí yóò gùn. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni kó máa ya òdòdó àti ẹyẹ sára àwo amọ̀. Ojú rẹ̀ mọ ohun tó dára, ohun tó dára sì máa ń tètè tàn án. Bó ṣe wọlé, alùpùpù pupa kan tó dúró láàárín ilé ló gba ojú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ rẹlẹ̀ síwájú bí ìwo àgbò tó fẹ́ kàn, ìdí rẹ̀ ga sẹ́yìn bí ìdí agbọ́n. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan yí i ká, wọ́n ń yìn ín fún un bí ẹni ń ta ẹṣin fún ọmọ ọba. Gualtiero, ẹni tó lẹ́nu jù nínú wọn, ní tó bá ra ìyẹn, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni ọkùnrin á máa rí títí ayé.

"Ẹ tì í sẹ́yìn ná, àǹtí," ni ẹnì kan sọ lẹ́yìn rẹ̀.

Nives yíjú padà. Ọkùnrin gíga kan ló dúró síbẹ̀, epo ẹ́ńjìnnì sì ti dúdú sí i léèékánná. Ó bi í pé kí ló dé tí òun á fi tì í sẹ́yìn, nígbà tó jẹ́ pé iwájú ni òun fẹ́ gbé e lọ.

"Gbogbo wa la fẹ́ lọ síwájú," ni ọkùnrin náà dáhùn. "Ṣùgbọ́n láràárọ̀ lẹ máa tì í jáde nílé. Ẹ kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú. Tó bá ti ń ké, irọ́ ló ń pa."

Nives tì í. Ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ díẹ̀, irin ńlá náà sì padà lù ú ní ìbàdí. Bí kì í bá ṣe pé ọkùnrin náà fi orúnkún gbè é, òun àti alùpùpù ni ìbá jọ nà sílẹ̀. Gualtiero rẹ́rìn-ín, ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kó gùn ún kó jókòó. Orí ìka ẹsẹ̀ nìkan ló kan ilẹ̀, gbogbo ìwúwo ara rẹ̀ sì rọ̀ sórí ọrùn ọwọ́. Ọkùnrin náà bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe. Nígbà tó gbọ́ pé ayàwòrán ni, ó mi orí.

"Ọwọ́ tí ẹ fi ń jẹun nìyẹn. Ẹ má fi san ìṣákọ́lẹ̀ fún irin."

Igun kan tí ẹnikẹ́ni kì í yà sí ló mú un lọ. Kékeré kan wà níbẹ̀, aláwọ̀ búlúù, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà níhòòhò láìsí ìborí, ọwọ́ rẹ̀ sì ga níwọ̀n tí ẹ̀yìn ẹni lè nà. Nives jókòó, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tẹ́ pẹrẹsẹ sílẹ̀. Ó tì í sẹ́yìn, ó tẹ̀ lé e bí ewúrẹ́ tó mọ olówó rẹ̀. Ìwọ alùpùpù búlúù,

Kékeré bí abẹ́rẹ́ tí adìẹ ò gbọdọ̀ gbé mì,
Aláwọ̀ ojú ọ̀run lẹ́yìn òjò,
A-gbọ́-ti-akọ́ṣẹ́-má-fi-ìbínú-dáhùn,
Arọra-rìn tí kì í jẹ́ kí ọlọ́mọ sọkún,

ìwọ kọ́ lo jẹ̀bi ohun tó ṣẹlẹ̀.

Nives wá bi ọkùnrin náà pé èwo ni òun alára ń gùn. Ó nawọ́ sí dúdú ràgàjì kan tó wà níta.

"Ẹ wò ó bó ṣe ń ta ẹ̀fọ́ fún mi," ni Nives wí. "Ẹran ló ń jẹ nílé."

"Ẹ̀fọ́ lèmi náà fi bẹ̀rẹ̀."

Ivano lorúkọ rẹ̀. Katakata ló ń tún ṣe fún ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ àfonífojì náà.

Nives ra búlúù náà, láti ìgbà náà, ọjọ́ Ìsinmi di ọjọ́ ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn Mísà, nígbà tí àwọn èèyàn bá ti jókòó ti oúnjẹ ọ̀sán, ààyè tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí lẹ́yìn ilé ìtajà ńlá á ṣófo, Ivano á sì máa sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ alùpùpù búlúù náà bí ìyá tó ń kọ́ ọmọ ní ìrìn. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Bí Nives bá tú kílọ́ọ̀ṣì ọwọ́ òsì lójijì, alùpùpù á fò bí ọ̀pọ̀lọ́, ẹ́ńjìnnì á kú. Ó kú títí ó fi sú Nives. Kò sú Ivano. Nígbà kan tó tún kú, tí Nives fi ìbínú bọ́ akoto kúrò lórí, Ivano tẹ orí ba, ó ń fi aṣọ nu dígí alùpùpù tí kò dọ̀tí.

"Bó o ṣe ń rọra tú kílọ́ọ̀ṣì yẹn sílẹ̀," ó ní, "bẹ́ẹ̀ náà ni kó o ṣe rọra gbà mí sọ́kàn. Mi ò fẹ́ kó kú lójijì."

Nives dé akoto padà, ó tan ẹ́ńjìnnì, ó yí gbogbo ààyè náà po, kò kú. Nígbà tó padà dé, Ivano bi í bóyá èsì òun nìyẹn. Ó ní òun ni.

Ṣùgbọ́n ilé Ivano ni alùpùpù náà ń sùn, nítorí Learco kò tíì gbọ́ nípa irin náà, kò sì tíì gbọ́ nípa ọkùnrin náà. Ìdí wà. Learco ní àbúrò kan rí, Oriano, arẹwà ọkùnrin, tí ó kú ní kọ́nà kan lórí òkè Colla, níbi tí gbogbo ẹlẹ́ṣin irin àgbègbè náà ti ń lọ dán ara wọn wò. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín, bí alùpùpù bá ń ké bọ̀ lójú ọ̀nà, Learco á fi ẹ̀yìn sí ọ̀nà títí yóò fi kọjá.

Àǹtí Zelinda ló bá wọn ṣe alárinà. Àbúrò Learco lóbìnrin ni, òun ló sì tọ́ Nives dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀. Ó ń yan piadina, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi wàràkàṣì sí nínú, ní ẹ̀bá ọ̀nà, kò sì sí ọ̀rọ̀ tó le tí kò lè fi búrẹ́dì gbígbóná wé. Ó gbé méjì lọ sóko fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó jókòó tì í lábẹ́ igi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹrù méjì ni mo rù wá," ó ní. "Ọ̀kan ń jẹ búrẹ́dì, ọ̀kan ń mu epo bẹtiróò."

Learco jẹun tán kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní òun lè gba èyí tó ń jẹ búrẹ́dì. Èyí tó ń mu epo, kí wọ́n gbé e padà síbi tí wọ́n ti rà á. Nígbà tí Nives gbọ́, inú rẹ̀ pín sí méjì. Bó bá jẹ́ torí Ivano nìkan ló ṣe ń gùn ún, kì bá ti ju kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sílẹ̀? Ó bi ara rẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì dáhùn pé kì í ṣe torí Ivano mọ́. Ó lọ bá bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sọ fún un pé gbogbo ọ̀sẹ̀ ni òun fi ń tẹ orí ba lórí àwo; orí alùpùpù yìí nìkan ni òun ti ń gbé orí sókè.

Learco ní kó pe Ivano wá, ó sì sọ ohun tí kò sọ fún ọmọ rẹ̀ rí.

"Eré sísá kọ́ ló pa àbúrò mi. Yẹ̀yẹ́ ló pa á. Níbí yìí, bí àwọn ẹlẹ́ṣin irin bá pàdé, etí táyà ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó wo ojú. Ẹni tí kò bá lè tẹ alùpùpù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní kọ́nà títí yóò fi fẹ́ sùn sílẹ̀, àárín táyà rẹ̀ nìkan ni ọ̀nà máa jẹ; etí rẹ̀ á máa dán bí ọjọ́ tí wọ́n rà á. Wọ́n fi etí táyà Oriano ṣe ẹlẹ́yà. Ó lọ wá bó ṣe máa jẹ ẹ́. Ó jẹ ẹ́ tán."

Ó na ọwọ́ rẹ̀ gbọrọ. Ó ní kí Nives máa gun ọ̀nà àfonífojì bó ṣe wù ú, ṣùgbọ́n kó má fẹsẹ̀ kan Colla títí àwọn yóò fi ká píìṣì lẹ́ẹ̀mejì. Nives fi ọwọ́ lé ọwọ́ bàbá rẹ̀, ó ní òun kò ní gun Colla. Ivano náà fi tirẹ̀ lé e.

"Ó dáa," ni Learco wí. "Bí ọ̀rọ̀ yìí bá dúró, màá fa Nives lé ọ lọ́wọ́ níwájú pẹpẹ. Bó bá fọ́, ẹ má wá mi ní ṣọ́ọ̀ṣì."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Nives gbé ẹyin yìí káàkiri bí ẹni gbé omi kíkún. Ó ń gun alùpùpù rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ láàárín oko píìṣì tó ń tanná, bó bá dé oríta tí ọ̀nà Colla ti yà, á yí padà, inú rẹ̀ á sì dùn pé òun yí padà.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti ká píìṣì lẹ́ẹ̀kan, nígbà ìrúwé, fadá bù kún àwọn alùpùpù ní gbàgede ìlú, bí wọ́n ti ń ṣe lọ́dọọdún. Irin kún gbàgede bí agbo màlúù, fadá ń fi omi mímọ́ wọ́n wọn, àwọn ìyá ń gbàdúrà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Bí fadá ti yí ẹ̀yìn padà ni Gualtiero bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sídìí alùpùpù búlúù. Ó fi ìka wọn etí táyà rẹ̀, ó pe àwọn yòókù kí wọ́n wá wò ó. Ó ní ibi tó ń dán yìí tóbi tó láti tẹ́ ibùsùn sí. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Nives náà rẹ́rìn-ín, nítorí lójú tirẹ̀, ibi tó ń dán yẹn gan-an ni ẹ̀rí pé òun ń pa ọ̀rọ̀ bàbá òun mọ́. Ni Gualtiero bá kọjú sí Ivano.

"Ìwọ la gbọ́ pé ò ń kọ́ ọ. Ṣé orí àga ilé ìdáná lo ti ń kọ́ ọ ni?"

Ivano rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, Nives bi í bóyá ó rẹ̀ ẹ́. Ó ní kò rẹ òun. Lọ́jọ́ kejì ló wá gbé alùpùpù búlúù náà lọ sílé rẹ̀, ó ní òun fẹ́ fi òróró sí ṣéènì rẹ̀. Nígbà tó dá a padà, ó ti fọ̀ ọ́, ó ti dán an, Nives sì dúpẹ́, ó tún fi ẹnu kò ó lẹ́nu. Kò sí ohun tó mú un wo táyà. Ta ní í wo àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà tí wọ́n bá a nù?

Láti ìgbà náà, àwọn ọ̀rẹ́ Ivano dẹ́kun yẹ̀yẹ́. Gualtiero tiẹ̀ ń pe Nives ní Ìyá Olókè bí wọ́n bá pàdé nídìí kọfí. Nives rò pé àwàdà ni.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn dé, píìṣì pọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn ọ̀rẹ́ wá bá wọn ká a, Gualtiero àti ẹgbẹ́ rẹ̀ náà wà níbẹ̀, nítorí ẹni tó bá ká píìṣì ẹni ló ń jẹun ẹni. Tábìlì gígùn wà lábẹ́ ìbòòji, Àǹtí Zelinda ti yan piadina jọ bí òkè. Gbogbo wọn mọ̀ pé lọ́jọ́ yẹn ni Learco yóò dárúkọ ọjọ́ ìgbéyàwó. Ó kọ́kọ́ dìde láti lọ gbé wáìnì nínú ilé ìkóǹkansí, níbi tí alùpùpù búlúù ti dí àgbá mọ́. Nígbà tó padà wá, kò sí wáìnì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Nives," ó ní, "ṣé o ti gun Colla?"

"Rárá, Bàbá."

"Ta ló wá jẹ etí táyà rẹ?"

Ọ̀rọ̀ náà kò kọ́kọ́ yé e. Ó dìde, ó lọ wò ó, àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Lóòótọ́, ibi tó ń dán kò dán mọ́. Nǹkan ti jẹ ẹ́ títí dé bèbè, ó rí ṣákaṣàka, ó dúdú. Nives wò ó bí ẹni tó rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ nínú oko olóko. Gualtiero ní kí bàbá jọ̀wọ́ má bá ọmọbìnrin náà wí, ṣebí Ivano ti sọ fún àwọn tipẹ́ pé àwọn méjèèjì jọ ń lọ sórí òkè ni.

Nígbà náà ló yé e. Ó yíjú sí Ivano. Ó rí i tí ẹ̀jẹ̀ kúrò lójú rẹ̀, ó rí i tó wo àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó wá wo ilẹ̀. Kò bínú sí i. Ẹ gbọ́ mi o, nígbà náà kò bínú sí i rárá. Àánú rẹ̀ ló ń ṣe é, ó kàn ń dúró dè é.

"Sọ fún bàbá mi," ó ní.

Ivano mí kanlẹ̀. "Bàbá, ẹ dárí jì wá. Èmi ni mo mú un lọ. Ẹ̀bi mi ni."

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mi orí, wọ́n ní ọkùnrin nìyẹn, ẹni tó gba ẹ̀bi sórí ara rẹ̀. Báyìí ni irọ́ ṣe ń wọ aṣọ ìrẹ̀lẹ̀ lọ sóde, tí wọ́n á sì fún un ní àga. Nives ní òun kò lọ. Ó ní òun fi ọwọ́ lé ọwọ́ bàbá òun, òun kò sì lọ. Ivano sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Nives, jẹ́ ká gbà pé a ṣẹ̀."

Learco wo àwọn méjèèjì. Ọ̀kan ń sẹ́, èkejì ń jẹ́wọ́. Ta ló ń purọ́ mọ́ ara rẹ̀? Ó ní kí àwọn tó bá òun ká píìṣì jẹun, kí wọ́n yó, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ó wọ yàrá rẹ̀ lọ, ó ti ilẹ̀kùn. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ọjọ́ ìgbéyàwó.

Láti ọjọ́ yẹn, Learco kò bú ọmọ rẹ̀; ìbá sàn bó bú u. Ó ń kí i láàárọ̀, ó ń kí i nírọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n bí Nives bá sọ pé òun ti ti ilẹ̀kùn, bàbá á dìde lọ wò ó. Ìyẹn ló ń pa Nives. Ivano rán Àǹtí Zelinda sí i pé òun yóò fẹ́ ẹ láìsí ọwọ́ bàbá nínú rẹ̀. Nives rán an padà pé ọwọ́ bàbá kọ́ lòun ń wá. Kí Ivano wá sọ ohun tó fi táyà náà ṣe. Ivano ní òun ń bọ̀. Ó dé ẹnu ọ̀nà oko, ó yí padà. Ó tún dé, ó tún yí padà. Nígbà tó yá, Nives lọ dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà náà.

Níbẹ̀ ló ti jẹ́wọ́ fún un. Sánpépà tí àwọn káfíńtà fi ń dán pákó ló fi jẹ etí táyà náà, nítorí kò fẹ́ kí wọ́n máa fi í rẹ́rìn-ín.

"Èmi?" ni Nives bi í. "Àbí ìwọ?"

Ivano ní bí òun bá sọ ọ́ síta, kò sí ibi tí òun á gbójú sí.

"Ṣé o mọ ohun tí wọ́n á máa pè mí? Sánpépà. O mọ̀ wá níbí. Orúkọ ìnagijẹ kì í kú. Wọ́n á kọ ọ́ sára ìkéde òkú mi lójú pópó, lábẹ́ orúkọ tí ìyá mi sọ mí."

"Kí ni bàbá mi ń pè mí báyìí?"

"Ṣebí mo gba ẹ̀ṣẹ̀ náà sórí."

"Èyí tí a kò dá lo gbà. Èyí tó o dá, o fi sílẹ̀ fún mi."

Ivano sunkún. Ó ní òun á sọ ọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀. Ọjọ́ Ìsinmi náà dé, ó kọjá. Òmíràn dé. Nives ń ṣí fèrèsé, ó ń pa á dé. Àṣé ìrètí lè dà bí eyín tó ń kẹ̀, tí ahọ́n kò ní yé tọ́ wò.

Nives gbà kí wọ́n ta alùpùpù náà. Ewé ti wọ́ lórí igi nígbà náà, èso kaki nìkan ló kù lórí ẹ̀ka, pupa bí iná. Olùrajà kan wá, Learco sì ti alùpùpù náà jáde sínú oòrùn fún un. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti fi hàn án bí táyà ṣe rí. Àtàǹpàkò rẹ̀ dúró lórí rẹ̀. Kọ́nà a máa fa rọ́bà ya ni, a máa ká a jọ ní wóró wóró. Èyí tó wà lábẹ́ ìka rẹ̀ lọ ní ìlà wẹ́wẹ́, gbogbo wọn kọjú síbì kan náà, bí pákó tí wọ́n fi ọwọ́ dán. Nínú òkùnkùn ilé ìkóǹkansí ọjọ́sí, ìbànújẹ́ Oriano ni Learco fi wò ó, kì í ṣe ojú. Ó bẹ olùrajà kó máa lọ, ó ní wọn kò tà á mọ́.

Kò dúró de ìrọ̀lẹ́. Bàtà oko ló wọ̀ dé ibi iṣẹ́ ọmọ rẹ̀ ní Faenza. Ó bọ́ fìlà láàárín àwọn obìnrin tó ń yàwòrán, ó dúró níwájú tábìlì Nives bí ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́.

"Ọmọ mi, táyà ni mo kà," ó ní. "Mi ò ka ojú rẹ."

Nives gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ó dìde, ó dì mọ́ ọn, ọ̀dà búlúù sì kùn ún léjìká. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí gbogbo bàbá tó ṣi ọmọ wọn gbọ́ rí ẹsẹ̀ rin ọ̀nà yẹn.

Learco bi í bóyá ó ṣì ń fẹ́ ọkùnrin náà. Nígbà tí Nives tẹ orí ba sórí àwo rẹ̀, bàbá ka ìyẹn sí bẹ́ẹ̀ ni. Ó rán Àǹtí Zelinda pé kí Ivano máa bọ̀, òun ti mọ̀, òun ti dárí jì í, òun yóò sì rìn dé iwájú pẹpẹ. Ẹsẹ̀ Ivano kò yí padà lẹ́nu ọ̀nà lọ́tẹ̀ yìí. Ó wọlé, ó kúnlẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́. Learco gbé e dìde, ó bu wáìnì fún un. Àǹtí Zelinda ti ń fi etí ìborùn nu ojú, ó ń bi wọ́n bóyá lẹ́yìn Ọjọ́ Àjíǹde ni àbí ṣáájú. Gbogbo wọn wá wo Nives.

Kò sí ohun tó dínà mọ́. Ohun tó ti fi omijé bẹ Ọlọ́run fún náà nìyí, ó wà lórí tábìlì pẹ̀lú búrẹ́dì. Kí ló dé tí ọwọ́ rẹ̀ kò nà sí i? Ó ní kí Ivano jẹ́ kí àwọn jáde síta. Lábẹ́ igi kaki, Ivano bi í bóyá kò fẹ́ràn òun mọ́.

"Mo fẹ́ràn rẹ," ni Nives wí. "Ìyẹn ló ń dùn mí."

"Mo ti sọ òtítọ́, Nives."

"Bàbá mi ti rí i lára táyà kó o tó dé. Ìgbà tí yóò ná ọ ní nǹkan ni mo nílò rẹ̀. Mo dúró níwájú gbogbo wọn, mo ń wo ẹnu rẹ. Bí mo bá fẹ́ ọ, ní gbogbo ọjọ́ ayé mi, bí wàhálà bá dé, ẹnu rẹ náà ni màá tún máa wò."

Ó ní òun yóò yí padà. Ó ní kó fún òun ní ọdún kan, méjì, iye tó bá fẹ́. Nives gbà á gbọ́, ó sì mọ̀ pé òun gbà á gbọ́, ìyẹn kò sì yí ohunkóhun padà. Ó dì í mú títí ó fi sunkún tán, bí ẹni tó ń tu ẹlòmíràn nínú lórí òkú tí ó jẹ́ ti àwọn méjèèjì. Lẹ́yìn náà ló sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Ohun tí Ivano ṣe lẹ́yìn ìyẹn, Àǹtí Zelinda ló mú un wá sílé. Ó lọ bá Gualtiero àti gbogbo ẹgbẹ́ nídìí kọfí, ó sọ fún wọn. Ohun tó bẹ̀rù gan-an ló bá a. Wọ́n ti ń pè é ní Sánpépà ní oko, ní ṣọ́ọ̀bù, níbi tó ti ń tún katakata ṣe, ó sì ń jẹ́ wọn. Nives lọ sí yàrá rẹ̀, ó kúnlẹ̀ láti gbàdúrà fún un, kò rí ọ̀rọ̀ kankan sọ ju orúkọ rẹ̀ lọ, èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́.

Ìrúwé tún dé. Nives tún ń gun alùpùpù lọ síbi iṣẹ́. Àṣà kan wà láàárín àwọn ẹlẹ́ṣin irin: bí méjì bá pàdé lójú ọ̀nà, kálukú á mú ọwọ́ òsì kúrò lórí irin, á na ìka méjì sí èkejì. Wọn kì í béèrè ẹni tó wà nínú akoto. Ọ̀tá ń kí ọ̀tá, ọmọ Romagna, àgbègbè wọn yìí, ń kí ará Jámánì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, dúdú ràgàjì kan yọ ní kọ́nà níwájú rẹ̀. Ọwọ́ òsì ẹni tó gùn ún dìde. Ti Nives di irin mú, kò lè tú u sílẹ̀. Wọ́n tún pàdé lẹ́yìn ìyẹn, àti lẹ́yìn ìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ló rí.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé ó dúró mu omi nídìí orísun kan lẹ́bàá ọ̀nà, Ivano sì dé bá a níbẹ̀. Ó ti rù. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n kò sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n kí ara wọn. Ó béèrè bàbá, ó béèrè Àǹtí. Nives ní dáadáa ni wọ́n wà. Ó béèrè bóyá alùpùpù náà ń gbọ́ràn. Ó ní ó ń gbọ́ràn. Omi ń ṣàn láàárín wọn. Nives dé akoto rẹ̀, ó ń wá ọ̀nà láti so okùn rẹ̀.

"Nives," ni Ivano wí, "bá a bá tún pàdé lójú ọ̀nà, jọ̀ọ́, kí mi bó o ṣe ń kí ẹni tí o ò mọ̀ rí."